Ikùn Abiyamọ Kì Í Ṣe Ọ̀rá Nìkan

Agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé, tí abiyamọ bá tọ̀ wá pé ikùn òun kọ̀ kò lọ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sáré sídìí òṣùwọ̀n, nítorí ohun tí ń mú ikùn yọ lẹ́yìn ìbímọ ju ẹyọ kan lọ. Ilé-ọmọ, ìyẹn àpò ẹran tí oyún ń gbé inú rẹ̀ dàgbà, máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 1 ní kété tí ọmọ bá wáyé, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó súnkì padà. Sùúrù nìkan ni ikùn ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ń béèrè.

Iṣan ikùn méjì tún wà tí wọ́n gùn láti igbáàyà dé abẹ́ ikùn, tí oyún sì máa ń tì kúrò lára ara wọn. Kí obìnrin náà fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí agbẹ̀bí fi ìka méjì sókè ìdodo rẹ̀, kí ó sì ní kí ó gbé orí díẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí: bí ìka méjèèjì bá rì sáàárín tí àyè sì tún ṣẹ́ kù, iṣan ti là nìyẹn, gbígbé àyà dìde léraléra láti orí ẹní, tí ọ̀pọ̀ ń kánjú bẹ̀rẹ̀, sì lè mú ikùn náà yọ gọngọ sí i. Ọ̀já tí wọ́n fi ń di ikùn ń gbé ẹ̀yìn ró, ṣùgbọ́n kò yọ́ ọ̀rá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló wú, tí ìka tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ jìn, tí obìnrin náà tún ń mí gúlegúle nígbà tó bá dùbúlẹ̀, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, ilé ìwòsàn ló sì yẹ kó sùn lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀rá ni, ìdí ààrò ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹni tí ó sì sábà ń dáná níbẹ̀ ni ìyá tàbí ìyá ọkọ tí ó wá wẹ ọmọ. Ọ̀dọ́ agbẹ̀bí tí ó bá bá màmá wí lójú ọmọ rẹ̀ ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó kí wọn kú ìtọ́jú, kí ó fi ẹ̀kọ gbígbóná wọn sílẹ̀ fún wọn, nítorí ọmú fífún lè gbà tó kálórì 500, èyíinì ni òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ, lára ìyá lójúmọ́, ebi tí ń pa á kì í sì í ṣe wọ̀bìà. Ṣúgà, mílíìkì inú agolo àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n ní ó ń pe omi ọmú ni kí ó rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín kù, kí ó ṣàlàyé pé ẹnu ọmọ tí ń fa ọmú lemọ́lemọ́ ló ń pè é, kí òkèlè sì kéré sí i, kí ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ tíì amúnirù kàn ń mú ni yàgbẹ́ ni. Omi ló ń dà nù. Kí ìyá ọmọ fi ìdajì kílò fúyẹ́ lọ́sẹ̀ ti tó, bí òṣùwọ̀n bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, kí màmá ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún.