“Yet”: Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí ó wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama sin bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìpá ni ó ti ń da àgbàlagbà náà láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, ọjọ́ tí oníṣègùn dá láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un sì ti pé. A ti kìlọ̀ fún un pé láti òru ni kò ti gbọdọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ, nítorí pé bí inú ẹni tí a fún ní oògùn amúnisùn bá kún, oúnjẹ lè gòkè wá kí ó sì dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Bàbá pa àṣẹ náà mọ́. Kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n ti kúrò ní abúlé, ebi sì ti ń pa á gidigidi kí wọ́n tó dé ọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì tí ó pàdé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ó wo bàbá, ó kọjú sí ọmọ, ó ní: “Hasn’t he eaten yet?” Inú ọmọ náà dùn pé òun gbọ́ ìbéèrè yìí yékéyéké. Ó nà ró ṣánṣán, ó dáhùn pé: “Yes, madam.” Nọ́ọ̀sì mi orí, ó kọ ohun kan sínú ìwé, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé dípò wọn. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni wọ́n sún bàbá sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé ìpá àti ebi rẹ̀ padà sí abúlé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, níbo ni ọmọ yìí ti ṣìnà? Kò purọ́. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, “Bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì jẹun.” Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi bi í, ìdáhùn rẹ̀ ìbá gún régé, nítorí pé nínú èdè wa, “bẹ́ẹ̀ ni” ń fara mọ́ ohun tí ẹni tí ó bèèrè sọ: ó ní kò tíì jẹun, ìwọ náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Gẹ̀ẹ́sì kò wo ti ẹni tí ó bèèrè rárá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Bí ènìyàn bá ti jẹun, “Yes”. Bí kò bá tíì jẹun, “No”, ọ̀nà yòówù tí a lè gbà bèèrè rẹ̀. “No, he has not eaten yet” ni ó yẹ kí ọmọ náà wí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe dúró sórí “Yes” tàbí “No” lásán nígbà tí “not” àti “yet” bá wà nínú ìbéèrè. Kí ó sọ gbólóhùn náà parí. Bí ọmọ yẹn bá ti sọ “he has not eaten” mọ́ ọn, nọ́ọ̀sì ìbá mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣi “Yes” sọ.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni “yet” nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà lẹ́nu wọn ṣáájú ọdún 1066 tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti “tíì” dọ́gba. Àwọn méjèèjì ń sọ pé ohun kan kò ṣẹlẹ̀ títí di àkókò tí a ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ṣì wà lọ́nà. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ti pọ̀ tó láàrin “kò ní ọkọ” àti “kò tíì ní ọkọ”. Ìyá tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà nílé lè bínú sí ẹni tí ó sọ ti ìṣáájú. Ti èkejì kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìrètí wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni “She is not married” àti “She is not married yet” rí. Ẹni tí ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé “I did not pay my school fees” ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó kọ “I have not paid my school fees yet” ń sọ fún un pé owó náà ṣì kù láti san, àyè sì wà. Mo rò pé ẹ mọ èyí tí bàbá yóò fẹ́ láti kà.

Ibi tí wọ́n ń jókòó sí nínú gbólóhùn kò rí bákan náà. “Tíì” kì í kúrò níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n ìparí gbólóhùn ni “yet” fẹ́ràn: “The lorry has not arrived yet.” Ó tún lè tẹ̀lé “not” lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé “The lorry has not yet arrived”, èyí sì bá lẹ́tà tí a ń kọ sí àwọn aláṣẹ mu.

A kì í sọ “ó tíì dé” ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ sọ “He has come yet” ní Gẹ̀ẹ́sì. “Ó ti dé” ni “He has come”, bí a bá sì fẹ́ fi hàn pé ó yá ju bí a ti rò lọ, “He has already come.” Ìbéèrè ni ó ya àwọn èdè méjèèjì sọ́tọ̀: kò sí “tíì” nínú “Ṣé ó ti dé?” ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gba “Has he come yet?” Ẹ lè gbọ́ “Did he come yet?” lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà nínú sinimá. Wọn kò ṣì í sọ ní ilẹ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba ni a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, “has” àti “have” ni ó sì yẹ kí ẹ lò.

Ẹ má ṣe fi “yet” rọ́pò “still”. “Ó ṣì ń sùn” ni “He is still sleeping”. “Kò tíì jí” ni “He has not woken up yet”. Ẹni kan náà ni a ń sọ, lórí ibùsùn kan náà. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ẹ ó bá “yet” ní ipò tí “still” wà lónìí. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ yín. Nígbà tí “yet” bá sì wà láàrin gbólóhùn méjì, bí i “It rained heavily, yet he came,” kì í ṣe ti àkókò mọ́. “Síbẹ̀” ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ túmọ̀ ìwọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì: “Ìyá mi kò tíì ti ọjà dé.” “Ṣé àgogo ti lù?” “Òjò ṣì ń rọ̀.” “Òjò kò tíì dá.” Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan ṣe nọ́ọ̀sì, kí ẹnìkan ṣe ọmọ, kí nọ́ọ̀sì bèèrè pé “Hasn’t your father eaten yet?” Kí ọmọ dáhùn lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ti jẹ ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí bàbá rẹ̀ gbààwẹ̀ láti òru.