Àbẹ̀kẹ́, Ta Ló Ní Kí O Pa Ìlà Yẹn Rẹ́?

Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Ọbẹ̀ wà lórí iná, a ó jẹun tí mo bá sọ tẹnu mi tán. Gbé fóònù yẹn wá, kí o ṣí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èyí tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí mi, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi." Mo ti wò ó, àwòtúnwò ni mo sì wò ó. Orí mi wú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú ló gun òrùlé n'Íbàdàn ní October 14, 2024, tó yàwòrán ìràwọ̀ onírù láàárín ìràwọ̀ Arcturus àti Àgùàlà, Àgùàlà tí àwọn bàbá wa ń pè ní ajá òṣùpá. Òṣùpá fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lẹ́yìn rẹ lápá ìlà oòrùn, ìkùukùu òjò ń sáré kọjá, o sì rí i yà. Iṣẹ́ ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o pa ìlà yẹn rẹ́?

Má bi mí pé ìlà wo. Nínú èyí tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí o ò tíì tọwọ́ bọ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti orí ìràwọ̀ náà lọ sísàlẹ̀, síhà ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Ìrù gangan na sókè, ìlà yẹn na sísàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ ìràwọ̀ náà lórí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, o fi òmíràn ránṣẹ́, ó mọ́ roro, ìlà ti lọ. Mo bi ọ́, o ní, "Àǹtí mi, ìdọ̀tí ni, mo ti nù ún." Háà! Ọmọ mi, ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú àwòrán náà lo nù dànù.

Gbọ́. Àwọn ará Ṣáínà tó wà ní ilé ìwo-ìràwọ̀ Purple Mountain àti ẹ̀rọ ATLAS tó wà ní South Africa ló kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ yẹn níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Tsuchinshan-ATLAS. Ní September 27, 2024 ló sún mọ́ oòrùn jù, ní October 12 ló sún mọ́ àwa náà jù, nǹkan bíi 71,000,000 kìlómítà. Yìnyín àti eruku ni ara rẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń mú un, yìnyín á máa di afẹ́fẹ́, eruku á máa jábọ́, eruku náà á wá tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ọ̀nà tó gbà kọjá.

Mú léèsì mi yìí. Na án síwájú ojú rẹ. Ṣé o ń rí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀? O ń rí mi, torí ó fẹ́lẹ́. Wàyí, dà á, kí etí rẹ̀ kọjú sí ọ. Kí lo rí? Ìlà kan, tó ki, tó hàn ketekete. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ilé ayé wa dé ojú ibi tí eruku náà tẹ́ sí gan-an, etí rẹ̀ la wá ń wò, ló bá dà bíi pé ìràwọ̀ náà ní ìrù kejì tó kọjú sí oòrùn. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi hàn, ó sì pòórá. Orí rẹ gbé ọ gun òrùlé lọ́jọ́ náà gan-an, ọwọ́ rẹ wá nù ún.

O ní o rò pé ìdọ̀tí ni. Èrò kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwòrán mélòó lo yà? 80. Ó dára. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, torí lẹ́ńsì 200mm lo lò, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ọ̀run; bí o bá fi 200 pín 500, bí òfin tí mo kọ́ ọ ṣe wí, ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ lo máa rí, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ìràwọ̀ á fà bí okùn. Èyí o rántí, o ṣeun. Nígbà tí o wá ní 80 lọ́wọ́, kí ló dé tí o ò bi àwọn 80 náà léèrè? Sátẹ́láìtì tó ń kọjá, inú ẹyọ díẹ̀ péré lo máa ti rí i, ibòmíràn ló sì máa wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Eruku tó lẹ̀ mọ́ inú kámẹ́rà, ojú kan náà ló máa wà nínú gbogbo àwòrán. Ìràwọ̀ á máa sún, òun á dúró gbári. Dúdú ló sì máa ń hàn, kì í tàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bá ìràwọ̀ onírù rìn láti àwòrán kìíní dé ìkọgọ́rin, tó sì ń tàn, ojú ọ̀run ló ti wá, kò sí ìjà ńbẹ̀.

Àti pé kí lo ṣe pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ nípa síńgílẹ́ẹ̀tì? Mo ní kí o fi síńgílẹ́ẹ̀tì funfun bo ojú lẹ́ńsì, kí o kọjú rẹ̀ sí ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, kí o ya 20. Kọ̀ǹpútà á ti ara ìyẹn mọ ibi tí eruku wà, á yọ ọ́ láìfi ọwọ́ kan ìràwọ̀. Mo ní kí o dé ojú lẹ́ńsì pa, kí o tún ya 20 nínú òkùnkùn, ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì náà, kí a lè yọ àwọn tóótòòtó tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀. O ò ṣe ọ̀kankan. Oorun ló ń kùn ọ́. Wò ó, ká ní o ṣe é ni, o ò bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìlà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí.

Mi ò bá ọ wí nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ yìí jìnnà sí mi. Ọdún kẹta tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi níbí, n'Íṣẹ́yìn, ìyá àgbà kan wá ya fọ́tò tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ l'ókè òkun. Àbàjà mẹ́ta mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lóru, nínú yàrá òkùnkùn, mo gbé nẹ́gẹ́tíìfù náà sójú iná, mo gbẹ́ pẹ́ńsù mi títí ó fi mú bí abẹ́rẹ́, mo sì fi kún àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Nígbà tó wá gbà á, ó wo iwájú, ó yí i padà wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá ta nìyí?" Kò pariwo. Ó ní ìlà yẹn ni ilé bàbá òun fi mọ òun. N ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un yà, láti ọjọ́ náà n kò sì fi pẹ́ńsù kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú iṣẹ́ tiwa yìí, àwa tí kò sẹ́ni tó gbà wá síṣẹ́, ohun tó dà bí ìdọ̀tí ló máa ń sọ èèyàn di ẹni iyì. Hideo Nishimura, ará Japan, kámẹ́rà bí irú tìrẹ àti lẹ́ńsì 200 bíi tìrẹ ló lò. Ní August 12, 2023, ó rí ohun kan tó ṣú bàìbàì nínú àwòrán rẹ̀, nítòsí oòrùn níbi tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá kò ti rí i. Ìràwọ̀ onírù ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Àwọn ti Andromeda ńkọ́? Láti ọdún 1888 tí Isaac Roberts ti ya ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ yẹn ní England ni gbogbo ayé ti ń yà á. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lo nǹkan bíi 2,500,000 ọdún lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ta ló máa rò pé ohun tuntun ṣì kù níbẹ̀? Yann Sainty yà á fún òru 22 ní Lorraine, ilẹ̀ Faransé, ó ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ. Òun àti Marcel Drechsler àti Xavier Strottner wá rí àbàwọ́n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò nù ún. Wọ́n ní kí àwọn ẹlòmíràn fi awò tiwọn yà á láti ibòmíràn, ó sì tún yọ. Kùrukùru gáàsì ńlá kan ni, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n rí títí di January 2023.

Awòràwọ̀ Messier náà, lọ́dún 1758, ìràwọ̀ onírù ló ń wá ní Paris tó fi pàdé kùrukùru kan tí kì í rìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ la ń fi òru ṣọ́ lónìí.

Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tán, kí ọyẹ́ tó da eruku bo ọ̀run, oṣù November, a ó ya Andromeda pọ̀. Wá síbí, iná Ìbàdàn ti pọ̀ jù. Màá yá ọ ní ẹ̀rọ mi tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀, ṣùgbọ́n a ó wá ibi tí igi kò dí apá àríwá, torí ìràwọ̀ Polaris tí a fi ń tò ó kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 8 lọ n'Íṣẹ́yìn. Andromeda ò lọ síbì kankan, ó máa dúró dè wá. Onírù yẹn ni kò ní padà nígbà ayé wa.

Nítorí náà, dá mi lóhùn: àwọn 80 tí o yà gangan, ṣé wọ́n ṣì wà? O ò tíì pa wọ́n rẹ́? Ṣé nínú mẹ́mọ́rì káàdì ni wọ́n wà? Inú báàgì rẹ yẹn? Ọlọ́run ṣeun! Gbé e wá, ọmọ mi, rọra. A ó tò wọ́n lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan kí ìràwọ̀ dúró, ẹ̀ẹ̀kan kí orí onírù dúró, torí òun náà ń rìn. Lọ dín iná ọbẹ̀ kù. Ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà káàdì yìí méjì ká tó fọwọ́ kan oúnjẹ.