Ọbẹ̀ Láìsí Tòmátì fún Ẹni Tó Ní Aléjì

Aléjì tòmátì ni kí ara èèyàn máa bá èròjà kan nínú tòmátì jà bí ẹni pé àrùn ló wọlé. Kò wọ́pọ̀ tó aléjì ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ pọ̀ ní ìlú tí ọbẹ̀ ata ti jẹ́ ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Nínú àwọn lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa láti àwọn àdúgbò Ìbàdàn bíi Àrẹ̀mọ, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ìbéèrè kan náà ló ń jẹyọ lemọ́lemọ́: kí ni kí èèyàn fi sebẹ̀ bí wọ́n bá ní kó má jẹ tòmátì mọ́? Ìkòkò ọbẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti dáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó ṣòro ni mímọ̀ bóyá aléjì ni lóòótọ́, àti mímọ ibi tí tòmátì ń sá pamọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé tòmátì kò bá òun lára mu ni kò ní aléjì rárá. Tòmátì ní omi kíkan nínú. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tàbí tí omi kíkan inú rẹ̀ máa ń ru gòkè, yóò rí i pé àyà ń ta òun lẹ́yìn ọbẹ̀ ata tí òróró rẹ̀ pọ̀, pàápàá bó bá jẹun tán tó sì lọ dùbúlẹ̀. Ìtọ́jú inú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Bákan náà ni ti ọmọ kékeré tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ́n níbi tí omi tòmátì kàn, tí pípọ́n náà sì lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣàn án. Ìyẹn kì í ṣe aléjì. Aléjì gan-an máa ń yára: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì, ẹnu àti ọ̀fun yóò máa yún, ara yóò sú, ètè tàbí ìpéǹpéjú yóò wú. Ẹlòmíràn á máa bì tàbí kó máa yàgbẹ́, èémí ẹlòmíràn á sì máa sú bíi fèrè.

Ó ku ohun kan tí alásè gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn kan wà tí tòmátì tútù nìkan ń yún lẹ́nu, tí èyí tó jiná kò sì ṣe ní nǹkan kan, nítorí pé iná ti ba purotéènì tí ara wọn kọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n purotéènì mìíràn wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní LTP, tó wà nínú èèpo tòmátì, tí iná kì í lè ṣe ní nǹkan kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ èyí kò lè jẹ ọbẹ̀ tòmátì, bó ti wù kó pẹ́ tó lórí iná. Ẹni tí rọ́bà ìbọ̀wọ́ àwọn dókítà tàbí bàlúù ọmọdé bá sì ń yún lára, kó ṣọ́ra fún tòmátì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, píà àti ìbẹ́pẹ, torí pé purotéènì inú wọn jọra.

Dókítà ni yóò pinnu bóyá aléjì ni. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ̀tú kò jìnnà sí Àrẹ̀mọ, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ kọ̀wé fún ẹni lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Wọ́n lè kán oje tòmátì sí apá kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ojú ibẹ̀, kí wọ́n wò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú bóyá yóò lé, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Kí ara lé nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó gbọ́dọ̀ bá ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ mu. Nítorí náà, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ sí, pẹ̀lú aago tí ara bẹ̀rẹ̀ sí yún, wúlò púpọ̀ níwájú dókítà.

Tòmátì, ata rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ńbọ̀, ìkàn àti pòtétò jẹ́ ìdílé kan náà nínú ewéko. Èyí kò wá sọ pé ẹni tó ní aléjì tòmátì gbọ́dọ̀ sá fún ata. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ata láìsí wàhálà, ó sì dára kí dókítà yẹ ata náà wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ebi ata pa ara rẹ̀.

Wàyí o, sí ìkòkò ọbẹ̀. Gbẹ̀gìrì kò mọ tòmátì rí: ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ pò, pẹ̀lú ata gígún, irú àti epo pupa. Ewédú náà, irú, iyọ̀ àti káún díẹ̀ ló ń fẹ́. Nínú àbùlà tí wọ́n ń bù lé àmàlà lórí láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, ẹ̀kẹta nìkan, ìyẹn ọbẹ̀ ata, ni tòmátì ń wọ̀. Ilá alásèpọ̀, ọbẹ̀ ẹyìn, ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà rò, ayamáṣe tí wọ́n fi ata aláwọ̀ ewé àti epo tí wọ́n ti dín sè: kò sí èyí tí adùn rẹ̀ dúró lórí tòmátì. Kò sì yani lẹ́nu. Amẹ́ríkà ti gúúsù ni tòmátì ti ṣẹ̀ wá, àwọn òyìnbó ló gbé e sọdá òkun lẹ́yìn ọdún 1500. Àwọn baba ńlá Yorùbá ti ń sebẹ̀ kó tó dé.

Lóde òní náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ipò pàjáwìrì lórí rẹ̀. Owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì fò sókè jákèjádò Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà nìkan dín ata. Ohun tí ọ̀wọ́n kọ́ wọn nígbà náà ni ẹni tó ní aléjì yóò máa fi ṣe é lójoojúmọ́.

Kí ọbẹ̀ ata tí kò ní tòmátì tó lè dùn, alásè ní láti mọ iṣẹ́ tí tòmátì ń ṣe níbẹ̀: ó ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀, ó ń jẹ́ kó ki, ó sì ń kan díẹ̀. Tàtàṣé tó pọ́n dáadáa yóò ṣe ti àwọ̀ àti kíki. Tàtàṣé ńlá mẹ́fà, àlùbọ́sà méjì tó tóbi àti rodo méjì tàbí mẹ́ta tó fún ìkòkò ilé kan. Kí wọ́n kó hóró inú tàtàṣé dànù, torí òun ló máa ń jẹ́ kó korò, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì bọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá kí wọ́n tó dà á sínú òróró gbígbóná. Ẹni tó bá kánjú níbi bíbọ̀ yìí ni yóò sọ pé tàtàṣé kò dùn láìsí tòmátì. Àlùbọ́sà púpọ̀ yóò mú un dùn, irú yóò mú un ta sánsán, oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ tí wọ́n fún sí i nígbà tó bá fẹ́ẹ́ jiná yóò sì rọ́pò kíkan tòmátì. Bí owó tàtàṣé bá ga, elégédé tàbí kárọ́ọ̀tì tí wọ́n sè tí wọ́n sì lọ̀ mọ́ ọn yóò mú ọbẹ̀ ki. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ ata náà, ìyèré àti atalẹ̀ wà, epo pupa yóò sì fún ọbẹ̀ ní àwọ̀.

Ibi tí ewu wà jù ni ìta. Ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò ni àkọ́kọ́: tòmátì ẹni tó lọ̀ ṣáájú ṣì wà nínú rẹ̀, tàtàṣé tí wọ́n bá dà sí i yóò sì bá a lọ. Kí oníbàárà bẹ ẹni tó ń lọ ata kó fi omi púpọ̀ ṣan ẹ̀rọ náà, tàbí kó kúkú lo ọlọ tàbí búlẹ́ńdà tirẹ̀ nílé. Fún ẹni tí aléjì rẹ̀ le, ti ilé nìkan ló dára. Lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, kí èèyàn ní òun kò gba ọbẹ̀ ata kò tó, nítorí pé inú ọbẹ̀ yẹn gan-an ni ẹran, pọ̀ǹmọ́ àti ṣàkì wà, ṣíbí tí wọ́n fi bù ú sì lè wọ ìkòkò ewédú. Ní òde ìnáwó, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹja inú agolo tó wà nínú omi tòmátì máa ń wọ mọ́ínmọ́ín, àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn kan sì ní ìyẹ̀fun tòmátì nínú. Ara paálí ni wọ́n ti ń ka èyí. Kí àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé tòmátì kò sí lára oúnjẹ 14 tí òfin Bìrìtìkó ní kí wọ́n kọ gàdàgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára mẹ́sàn-án ti Amẹ́ríkà. Gbogbo ìlà orúkọ èròjà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà tán.

Ẹni tí kò jẹ tòmátì kò pàdánù oúnjẹ aṣaralóore. Nínú gíráàmù 100 tàtàṣé pupa tútù, fítámì C fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 130. Ti tòmátì kò ju bíi 14 lọ. Èròjà pupa inú tòmátì tí wọ́n ń yìn wà nínú bàrà olómi àti gúábà tí inú rẹ̀ pọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí wọ́n má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu; ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Oògùn Piriton lè dín yíyún kù, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀fun tó ti wú. Abẹ́rẹ́ adrẹnálínì ní itan ni ìtọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí mímí bá nira fún un, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó. Èyí tó wù kó jẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lójú ẹsẹ̀.

Aléjì ọmọdé lè lọ bó bá ṣe ń dàgbà. Àmọ́ kí òbí má ṣe fi ṣíbí ọbẹ̀ kan dán an wò nílé. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, lójú dókítà tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.