Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: BÍ A ṢE LÈ RÍ ÌWÉ ẸJỌ́ GBÀ NÍ KÓÒTÙ

Ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀yí dá lórí ibi kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kì í fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, èyí ni kóòtù. Kì í ṣe bí a ṣe ń pe ẹjọ́ ni a fẹ́ kọ́, nítorí àwọn baba wa ti sọ pé a kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe lè gba ìwé ẹjọ́ tí kóòtù ti dá, àti ìdí tí ó fi yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú fáìlì ẹgbẹ́. Ìbéèrè wà ní ìparí tí akọ̀wé lè kà sí etí ìpàdé.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe àlàyé. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Ìlùà ra ilẹ̀ ní ọdún 1988 láti kọ́ ilé tí wọn yóò máa kó àgbàdo sí. Ìdílé kan pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ sì jàre. Inú wọn dùn, wọ́n kọ́ ilé wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí gba ìwé ìdájọ́. Ọdún ń gorí ọdún, alága kú, akọ̀wé kú, ikán sì jẹ ìwé tí ó wà nínú àpótí. Ní ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ ìdílé náà ti ìlú ńlá dé, ó ní ilẹ̀ baba òun ni. Àwọn àgbà tí ó kù nínú ẹgbẹ́ ń pariwo pé, "A ti jàre ẹjọ́ yìí rí!" Adájọ́ yóò bi wọ́n pé, "Ìwé rẹ̀ dà?"

Bí ẹgbẹ́ bá lè mú ẹ̀dà ìdájọ́ àkọ́kọ́ wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ kóòtù, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Ẹjọ́ tí kóòtù tí ó ní àṣẹ bá ti dá parí, òfin kò gbà kí àwọn kan náà, tàbí àwọn tí ó jogún wọn, tún un rò lórí ilẹ̀ kan náà, àfi bí wọ́n bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lásìkò. Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá sí, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọn yóò máa kó fún lọ́yà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó fi kàn wá. Ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ yá owó ńlá, ó fi ilé dúró. Ta ni ó mọ̀ bóyá ẹjọ́ wà lórí ilé náà? Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kú, ènìyàn méjì sì dé tí olúkúlùkù ń sọ pé òun ni kóòtù fún láṣẹ láti pín ogún. Ìgbìmọ̀ tí ó bá san owó ìpamọ́ olóògbé láìyẹ ìwé wò lè san án lẹ́ẹ̀mejì.

2. Òfin wà lẹ́yìn wa

Ìbẹ̀rù kóòtù ní Òkè-Ògùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ wà lára ohun tí ó bí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò nínú tí wọ́n fi dìde ìjà ní ọdún 1916. Ìjọba yẹn ti lọ láti ọdún 1960. Lónìí, ìwé kóòtù kì í ṣe ohun ìní adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti akọ̀wé kóòtù.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 102, ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kóòtù mọ́ ìwé gbogbogbòò. Abala 104 sì pa á láṣẹ pé òṣìṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀dà rẹ̀, bí ó bá ti san owó tí òfin là sílẹ̀. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé ní gbangba ni kí a máa gbọ́ ẹjọ́. Abala kan náà sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 tí ẹjọ́ bá parí. Abala 294 sọ fún Kóòtù Gíga àti àwọn kóòtù ńlá yòókù pé kí wọ́n fún olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n bá kà á.

3. Kóòtù wo ni ìwé náà wà?

Kóòtù tí ó gbọ́ ẹjọ́ ni ó ń tọ́jú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó wọ ọkọ̀, kí a kọ́kọ́ mọ irú kóòtù tí ó jẹ́.

(a) Kóòtù ìbílẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ogún, gbèsè kékeré àti ilẹ̀ oko wa ń lọ.

(b) Kóòtù májísíréètì: ẹjọ́ olè, ìjà, jìbìtì àti gbèsè ni ó pọ̀ níbẹ̀.

(d) Kóòtù Gíga: ẹjọ́ ilẹ̀ ìgboro, ọ̀ràn ńlá àti ìwé àṣẹ láti pín ogún. Ó ní ẹ̀ka ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí. Olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ring Road, Ìbàdàn.

(e) Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn: bí ẹjọ́ bá ti kóòtù ìbílẹ̀ gòkè, ìwé rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín o. Aáwọ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́, òfin alájẹṣẹ́kù ní kí a gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìwé ìparí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì yẹn ni kí a ti béèrè rẹ̀. Kò ní sí ní kóòtù, àfi bí a bá gbé e lọ síbẹ̀ kí a lè fi agbára kóòtù gba owó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ìwé orúkọ kan ṣoṣo fún ẹjọ́ gbèsè ní àwọn kóòtù kékeré wọn. Orúkọ ẹni tí kóòtù ní kí ó san gbèsè, tí kò san án tán láàárín oṣù kan, yóò wà níbẹ̀ fún ọdún 6, ẹnikẹ́ni sì lè san owó díẹ̀ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kóòtù ìbílẹ̀ wa kò ní irú ìwé àpapọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ara wa ni a ó fi rìn dé kóòtù kọ̀ọ̀kan.

4. Bí a ṣe ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá nọ́ńbà ẹjọ́. Ó máa ń wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́ tí bélífù mú wá, àti lórí rìsíìtì owó tí a san ní kóòtù. Bí nọ́ńbà bá ti sọnù, ẹ mú orúkọ olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ lọ, pẹ̀lú ọdún tí ẹjọ́ ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ní ìwé ńlá kan tí a ń kọ orúkọ gbogbo ẹjọ́ sí bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹ lè ní kí ó bá yín wá a nínú rẹ̀, bí ẹ bá ti san owó ìwákiri. Bí ẹ bá mọ oṣù tàbí àsìkò, pàápàá ìgbà ọ̀gbìn tàbí ìgbà ìkórè, yóò dín wàhálà kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú ìwé tí ẹ ń fẹ́. Ìdájọ́ ni ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ ní ìparí àti ìdí tí ó fi sọ ọ́. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni gbogbo ohun tí a sọ láti ọjọ́ kìíní, ti ẹlẹ́rìí àti ti lọ́yà. Àṣẹ kóòtù ni ìwé kúkúrú tí ó sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Bí ó bá jẹ́ láti fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, ìdájọ́ ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ ó nílò gbogbo àkọsílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti gba gbèsè, àṣẹ ni. Owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni a sábà máa ń san, nítorí náà kí ẹ má ṣe béèrè ju ohun tí ẹ nílò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé kóòtù. Kò gbọ́dọ̀ gùn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni yóò wà nínú rẹ̀:

"Sí Akọ̀wé Kóòtù. Àwa ẹgbẹ́ (orúkọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) ń béèrè ẹ̀dà ìdájọ́, tí a fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, nínú ẹjọ́ (nọ́ńbà ẹjọ́), láàárín (orúkọ olùpẹjọ́) àti (orúkọ olùjẹ́jọ́), tí a dá ní (ọjọ́, oṣù àti ọdún). A ti ṣe tán láti san owó tí ó tọ́."

Kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti Kóòtù Gíga tàbí ti májísíréètì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ mú ẹ̀dà kejì lọ́wọ́, kí òṣìṣẹ́ tí ó gba lẹ́tà lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ san owó, kí ẹ gba rìsíìtì ìjọba. Owó tí a fi sí ọwọ́ ẹnìkan láìsí rìsíìtì kì í ṣe owó kóòtù. Rìsíìtì yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní ọdún 2011, Kóòtù Gíga Jùlọ sọ ọ́ pé ẹ̀dà ìwé gbogbogbòò tí kò sí ẹ̀rí pé a san owó òfin lórí rẹ̀ kò pé gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe fẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ ìwé náà wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ṣé gbogbo ojú ìwé ni ó pé? Ṣé a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni? Ṣé orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ wà níbẹ̀? Fọ́tòkọ́pì lásán, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó, kì í ṣe ẹ̀dà tí kóòtù mìíràn yóò gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tọ́jú rẹ̀. Kí ojúlówó ẹ̀dà wà ní ibi tí iná àti ikán kò lè dé, bíi báǹkì ẹgbẹ́. Kí fọ́tòkọ́pì wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí òmíràn wà ní ọ́fíìsì ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ wa. Kí a sì kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà sínú ìwé ìpàdé, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

5. Bí wọ́n bá ní kò sí ńkọ́?

Bí òṣìṣẹ́ bá ń sọ lónìí pé lọ bọ̀, lọ́la pé lọ bọ̀, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀. Ti Kóòtù Gíga àti ti májísíréètì, Olórí Akọ̀wé Kóòtù Gíga ní Ìbàdàn ni.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 tún wà. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè. Bí ó bá sì fi ẹnu sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tí a yàn fún iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ yẹn ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì fún un ní ẹ̀dà. Bí wọ́n bá kọ̀, a ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí kóòtù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin yìí kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Kóòtù Gíga Jùlọ parí iyàn náà pé ó kan ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ìwé kọ́ ni a ń ṣí fún gbogbo ènìyàn. Ẹjọ́ tí ó kan ọmọdé ní ààbò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣírí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí tú ilé ẹlòmíràn wò.

Ní ti ẹjọ́ àtijọ́ ti ayé òyìnbó, ẹ lè gbìyànjú Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí a kó ìwé ìjọba nípa Ìgbèríko Ọ̀yọ́ sí. Ibẹ̀ ni a ti ń kà á, a kì í gbé e jáde.

6. Ọjọ́ kì í dúró de ẹnìkan

Ohun ìkẹyìn ni èyí: ìwé tí a pẹ́ kí a tó béèrè lè pa ẹ̀tọ́ wa. Ẹni tí ìdájọ́ Kóòtù Gíga lórí gbèsè tàbí ilẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù 3 péré láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ti àwọn kóòtù kéékèèké náà ní ọjọ́ tirẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí a ka ìdájọ́ gan-an ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù pé ọjọ́ mélòó ni a ní. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

(i) Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ wa ti lọ sí kóòtù rí? Kóòtù wo ni, ní ọdún wo?
(ii) Ta ni ìwé ìdájọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí? Ǹjẹ́ òǹtẹ̀ kóòtù wà lórí rẹ̀?
(iii) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìdájọ́, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àti àṣẹ kóòtù?
(iv) Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi ilé dúró fún owó tí ó fẹ́ yá, ta ni ìgbìmọ̀ wa yóò rán lọ sí kóòtù láti wádìí, inú àpò wo sì ni owó ìwákiri yóò ti jáde?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn ìbéèrè kìíní àti ìkejì sínú ìwé ìpàdé. Nígbà tí alábẹ̀wò bá dé láti yẹ ìwé wò, òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè.