Omi Mímu ní Àkókò Ooru fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọ̀tà àti Sángo

Ẹ̀yin ará, láti oṣù kejì ọdún títí dé oṣù kẹrin ni ooru máa ń mú jù ní agbègbè wa, àkókò náà gan-an sì ni Àwẹ̀ Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà níbi tí a ti ń yọ́ irin tàbí tí a ti ń fi iná rọ ike. Àwọn mìíràn ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń ru ẹrù, tàbí wọ́n ń tajà lábẹ́ afárá Sángo. Nítorí yín ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òógùn wà fún. Ìgbóná ara ẹni tí ó lera kò jìnnà sí 37°C. Nígbà tí iṣẹ́ àti oòrùn bá fẹ́ gbé e ga jù bẹ́ẹ̀, ara a tú òógùn jáde. Bí òógùn náà ti ń gbẹ lórí awọ ni ó ń mú ooru lọ. Gbígbẹ rẹ̀ ni ó ń tù wá, kì í ṣe ṣíṣàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ooru Ọ̀tà fi burú ju bí ènìyàn ti rò lọ: a kò jìnnà sí ọ̀sà, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, òógùn a sì máa kán sílẹ̀ láìgbẹ. Ara a ná omi rẹ̀ dànù láìrí ìtura gbà.

Ẹni tí ó bá dúró de òǹgbẹ kí ó tó mu omi ti pẹ́ díẹ̀, nítorí omi ti dín nínú ara kí òǹgbẹ tó dé. Àwọn arúgbó kì í tilẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n. Ìtọ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó sàn jù: bí ó bá dúdú bí omi tíì, omi kò tó.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni pé kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ooru mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí a bá fi omi inú ọ̀rá ti 50cl, tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà, wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá kan. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tó ọ̀rá mẹ́ta láàrin wákàtí kan, nítorí àmujù omi a máa dín agbára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ewu sì ni èyí náà.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1923, K. Neville Moss kọ̀wé nípa àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí pajápajá ń mú gidigidi nínú ihò gbígbóná. Kì í ṣe pé wọn kò mu omi. Wọ́n ń mu ún púpọ̀. Iyọ̀ tí ó bá òógùn wọn jáde ni omi lásán kò lè dá padà. Nígbà tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi wọn, ara wọn balẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹun dáradára lójúmọ́, iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ̀ a máa tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti làágùn fún wákàtí púpọ̀, tàbí tí ó ń ṣu tí ó sì ń bì, kí a po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà 1, èyí tí í ṣe ọ̀rá 2; ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí kò kún kọjá etí; àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iyọ̀ kún un jù bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọdé. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè ná.

Ní ti àwẹ̀, èmi kò rí ìdí tí ẹni tí ń dúró ti iná ìléru fi gbọdọ̀ fi omi du ara rẹ̀. Oúnjẹ ni kí ó yẹra fún. Áńgẹ́lì tí ó jí Èlíjà lábẹ́ igi ní aginjù, àkàrà àti omi ni ó gbé wá fún un kí ó tó rin ìrìn ogójì ọjọ́.

Àwọn olórí ilé-iṣẹ́ náà ní ipa tiwọn. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní ilẹ̀ wa pàṣẹ pé kí a pèsè omi mímu tí ó tó fún òṣìṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú rere. Kí omi náà sì wà nítòsí, nítorí ẹni tí yóò tọrọ àyè kí ó tó rin jìnnà lọ mu omi, kò ní lọ.

Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò lè dúró ṣinṣin, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, kí a má ṣe pè é ní iṣẹ́ ọ̀tá. Ìgbóná ara rẹ̀ lè ti lé ní 40°C, ikú sì wà nítòsí. Kí a gbé e sí ibòji, kí a tú aṣọ rẹ̀, kí a da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí a sì máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá mọ ibi tí ó wà, kí a má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí èyí ti ń lọ lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ọ̀tà, tàbí èyí tí ó bá sún mọ́ jù.