Omi Ni Kí Ẹ Bẹ̀rù Ju Òtútù Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Chicago níbí, oṣù kọkànlá ti dé tán. Àwọn oníbàárà yóò máa gbé ọkọ̀ olórùlé aṣọ wá, kí ẹ bá wọn tọ́jú rẹ̀ sí gáréèjì títí di oṣù kẹrin. Òtútù ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Èmi ń sọ fún yín pé omi tó há sínú ọkọ̀ ló ń bà á jẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, á sì jẹ́ kó dípẹtà. Níbi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, ẹ wo ihò tí omi òjò ń gbà jáde ní ìdí òrùlé, lẹ́yìn ìjókòó. Ewé gbígbẹ ló sábà máa ń dí i. Ẹ rọra da omi ife kan sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí omi ò bá kán sílẹ̀, inú ọkọ̀ ló ń lọ. Ẹ má fi irin gún un, kí ẹ má baà lu páìpù rẹ̀. Okùn ike tó rọ̀ ni kí ẹ tì bọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ fọwọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má ká òrùlé sílẹ̀ láé. Ẹ mọ bí aṣọ òfì tí wọ́n ká ní tútù sínú àpótí ṣe máa ń rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an lòrùlé náà ṣe máa bu. Ẹ gbé e sókè, kí ó nà dáadáa. Mazda Miata tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1997, ike ni fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀. Ike tí a bá ká nínú òtútù sì lè là.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ pamọ́, nítorí ọ́ìlì àlòkù ní omi àti ásíìdì tó ń jẹ irin. Ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí táǹkì, ẹ rọ epo kún un, kí ẹ wà á díẹ̀ kí oògùn náà lè dé ẹ́ńjìnnì. Ìdajì omi, ìdajì kúláǹtì ni kó wà nínú rédíétọ̀. Kò ní dì títí dé -37°C. Òtútù ìlú yìí ti dé -33°C rí, ní oṣù kìíní 1985.

Ẹ so bátìrì mọ́ ṣájà tó ń dá ara rẹ̀ dúró. Ẹ fi atẹ́gùn díẹ̀ kún táyà. Ẹ má fa háńdì-bíréèkì, kí páàdì má baà lẹ̀. Igi ni kí ẹ fi há táyà. Ẹ fi kànrìnkàn onírin dí ẹnu sàlẹ́ńsà nítorí eku: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Aṣọ tó ń gba atẹ́gùn láyè ni kí ẹ fi bò ó. Ọ̀rá á há omi mọ́ ọn lára.

Ẹ kìlọ̀ fún oníbàárà kó má ṣe máa tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó láti lé omi jáde, èéfín rẹ̀ nínú gáréèjì títì sì ń pànìyàn.

Níkẹyìn, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sínú ìwé, kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, kí ẹ sì fi kànrìnkàn inú sàlẹ́ńsà ṣáájú. Ẹni tó máa tan ọkọ̀ náà lóṣù kẹrin lè má jẹ́ ẹ̀yin.