Àgbò Méjì Nínú Koto Kan

Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan náà. Ọ̀rọ̀ oyè la sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n iwájú káńtà kẹ́míìsì gan-an ló ti yẹ ká máa rántí rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ bá mi po oògùn ara ríro." Oníkẹ́míìsì á já hóró funfun méjì, á fi pupa kan kún un, á dì í sínú ọ̀rá, ó parí. Ó béèrè ibi tó ń dun oníbàárà, kò béèrè ohun tó ti wà nínú ikùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá àgbà kan tó ń lo lisinopril nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúnkún ń dùn ún, ó ra ibuprofen. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ibuprofen àti diclofenac kọjú sí orúnkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, wọ́n sì ń dín agbára lisinopril kù. Bí ìyá bá tún ń lo oògùn tó ń múni tọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn ọmọ á wá máa bú dókítà pé oògùn tó kọ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà kò mọ̀ nípa ibuprofen ọ̀hún.

Alábùkún ńkọ́, tí Jacob Odulate ti bẹ̀rẹ̀ sí í pò l'Abẹ́òkúta ní 1918? Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí aspirin rárá, oògùn ẹ̀fọ́rí lásán ni lójú wọn. Ẹni tó bá lá a tán tó tún gbé ibuprofen mì, inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ fẹnu kan Alábùkún láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Nígbà mìíràn, àgbò kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjì. Paracetamol ni Panadol, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Hóró 500mg mẹ́jọ ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24. Ẹni tó lo méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó tún fi oògùn ọ̀fìnkìn lé e, ti kọjá ààlà, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Kò yẹ ká máa ra cipro, oògùn apakòkòrò, láìsí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n a mọ bí ọjà ṣe rí. Oògùn inú títa bíi Gestid, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, máa ń so mọ́ cipro nínú ikùn, kò ní í ráyè wọ ara. Ẹ lo cipro ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àgbo tí a máa ń fi pamọ́ bí ẹni pé kì í ṣe oògùn. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Bí ọlọ́kadà bá mu ún, tó lo Piriton lé e, oorun lè gbé e lórí ọ̀kadà.

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ ń lò nílé fún oníkẹ́míìsì, àti àgbo, àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí orúkọ wọn bá ṣòro, ẹ kó páálí wọn dání. Ẹ sọ bí oyún bá wà, tàbí ọgbẹ́ inú. Ẹ má gba hóró tí kò ní orúkọ. Bí oníkẹ́míìsì bá ní "ẹ ṣáà máa lò ó", ẹ wá kẹ́míìsì tí apòògùn gidi wà lọ. Ẹni tó bá sì lo oògùn ara ríro, tó wá ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí tó ń bi ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́míìsì.